Ẹ Bi Awakọ̀ Léèrè: "Ṣé Bàálù Ilé Ẹ̀kọ́ Lè Tàkìtì?"

Lẹ́tà márùn-ún ló dé ọwọ́ mi lóṣù yìí. Méjì ń bèèrè ìgbà tí bàálù èrò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Ẹ jọ̀ọ́, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, èmi kọ́ ni gómìnà. Mẹ́ta yòókù dá lórí bàálù tó ń dorí kodò, àwọn sì ni mo máa dáhùn.

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ọmọ Òṣogbo ni mí, Òkè-Fíà nilé wa. Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, mo ti fò fún wákàtí 31, mo sì ti dá gbé e lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rẹ́ mi kan níléèwé ní tí òun bá tún dá gbé Cessna 172, bàálù kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ wa, jáde, òun máa yí i gbiri kó dorí kodò, kó sì padà bọ̀ sípò. Ó ní òun ti wo fídíò rẹ̀ dáadáa, pé jíì kan péré ni, bàálù ò tiẹ̀ ní í mọ̀. Ó fẹ́ kí n dúró sẹ́bàá pápá kí n fi fóònù ká a. Ká má parọ́, ó ń wu èmi náà, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ṣé bàálù náà lè ṣe é lóòótọ́? Báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ ọ? (Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Fíà)

Ọmọ mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ fóònù yẹn. Bí ìwọ tó o dúró sílẹ̀ bá máa ká bàálù débi tí ẹni tó ń wo fídíò á fi rí i pé ó dorí kodò, á jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ ti wá sílẹ̀ jù. Ní ẹsẹ̀ bàtà 4,000, tó jẹ́ ibi tó yẹ kéèyàn ti máa dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò, bí eṣinṣin ni Cessna máa rí lójú fóònù rẹ. Fídíò ni ọmọkùnrin yẹn ń wá, kò wá ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo pa bébà dé, mo lọ mu omi ná.

Ó ní jíì kan péré ni. Kò parọ́ tán níbẹ̀. Jíì kan ni ìwọ̀n ara rẹ bó o ṣe jókòó ka ìwé yìí. Bó bá di méjì, ìwọ kan ti di ìwọ méjì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè yí bàálù gbirigbiri kó má fi bẹ́ẹ̀ kọjá jíì kan. Nígbà ayé Bob Hoover, awakọ̀ ará Amẹ́ríkà, ó máa ń da tíì sínú ife bí bàálù rẹ̀ ṣe ń yí lọ́wọ́, tíì náà kì í sì í dà sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin ọmọ yìí ò tíì rí ni yíyí tó bàjẹ́, nítorí ẹni tó bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ kì í sábà wà láyé gbé fídíò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bó ṣe máa ń bàjẹ́ nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ gbé imú bàálù sókè díẹ̀, ó wá yí ọwọ́ ìdarí sí òsì. Cessna 172 kì í yára yí. Ó lọ́ra bí ọmọlanke tó ru iṣu. Kó tó yí dé ìdajì, imú ti ń sọ̀ kalẹ̀. Orí akẹ́kọ̀ọ́ wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ wà lókè, bẹ́líìtì ń fún un léjìká, eruku abẹ́ ìjókòó ń bọ́ sí i lójú, ilẹ̀ sì kún gbogbo gíláàsì iwájú. Kí ni ọwọ́ máa ṣe? Ọwọ́ máa fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra. Láti ọjọ́ kìíní la ti kọ́ ọ pé bí imú bá ń lọ sílẹ̀, fà á. Ṣùgbọ́n bí bàálù bá ti dorí kodò, fífà yẹn gan-an ló ń wọ́ ọ lọ sílẹ̀. Nínú 172 tuntun, nọ́ọ̀tì 163 (bíi kìlómítà 300 ní wákàtí kan) ni ìlà pupa tí eré ò gbọ́dọ̀ kọjá wà lójú aago eré. Kò pẹ́ rárá tí ọwọ́ aago fi máa kọjá ibẹ̀, tí ọmọ náà á sì máa fà síbẹ̀.

Jíì 3.8 ni wọ́n ṣe 172 fún. Bí ẹrù inú rẹ̀ bá fúyẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì jókòó sẹ́yìn, ó di 4.4. Bàálù tí wọ́n dìídì ṣe fún òkìtì ń gba 6, ó sì ń gba 3 bó bá dorí kodò. Àwọn tó ṣe 172 kò sọ pé yóò já ní 3.8, wọ́n fi ààyè ìlàjì sí i lókè kó má baà ṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ààyè yẹn ló ń dà mí láàmú ju ohunkóhun lọ. Ibẹ̀ ni irin ti máa ń tẹ̀ tí kì í padà sípò. Ọ̀rẹ́ rẹ lè fà á dé jíì 5, kó bọ́ nínú rẹ̀, kó balẹ̀, kó rẹ́rìn-ín, kó kọ ọ́ sínú ìwé pé "kò sí ìṣòro", kó sì lọ jẹ ìrẹsì rẹ̀. Ta ló máa gbé bàálù yẹn láàárọ̀ ọ̀la? Ó lè jẹ́ ìwọ.

Mo ti fọwọ́ ara mi kàn án rí. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, èmi àti ọmọbìnrin kan tó ń retí àtidá fò fún ìgbà àkọ́kọ́ ń yẹ bàálù wò láàárọ̀. Bí mo ṣe ń fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ìyẹ́, ìka mi dé ibì kan tó hunjọ bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. A pe mẹ́káníìkì. Ó fi iná wo ibẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó kàn fi kókó ọwọ́ lu ibẹ̀ ó ní kí n gbọ́. Rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó tó di irin ìyẹ́ mọ́ra, ti rìn. A ka orúkọ gbogbo ẹni tó gbé bàálù náà lọ́sẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́ títí di òní. Ọmọbìnrin náà ní, "Sà, ṣé èmi ni ẹ fẹ́ fi sínú èyí?" Mi ò rí èsì fún un.

Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́: rárá. Ìwé bàálù wà nínú rẹ̀, ẹ kà á. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé wọn ò ṣe é fún òkìtì. Epo ọkọ̀ yẹn wà nínú ìyẹ́ lókè, fúnra rẹ̀ ló ń ṣàn wálẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì. Bó o bá dojú rẹ̀ délẹ̀ tó o sì dì í mú bẹ́ẹ̀, ibo ló fẹ́ kó ṣàn sí?

Ó kan ti kíkọ́ ọ, èyí tí inú mi dùn sí jù. Ó yẹ kó o kọ́ ọ! Mi ò sí lára àwọn àgbà tó ń sọ pé kí ọmọdé má dé ibi tí àwọn dé. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú olùkọ́, nínú bàálù tó gbà á, ní òkè tó tó.

Amẹ́ríkà lèmi ti kọ́ ọ, nínú Citabria, bàálù ìjókòó méjì tí ọ̀kan wà lẹ́yìn èkejì. (Bó o bá ka orúkọ yẹn láti ẹ̀yìn wá síwájú, o máa rí ohun tí àwọn tó ṣe é ń fi ṣeré.) Olùkọ́ mi jẹ́ ìyá àgbà kan tó kúrú, tó ń fi tìmùtìmù méjì sábẹ́ ìdí kó lè ríran síta. Ó de páráṣúùtì mọ́ mi lẹ́yìn. Ó rí lẹ́yìn mi bí ọmọ tí a pọ̀n tó sùn. Mo ti ń retí òkìtì. Ìyá yìí ní ká kọ́kọ́ ṣe sítọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ sítọ́ọ̀lù, kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì kú o. Bẹ́ ẹ bá wọ kọ̀rọ̀pẹ́ lọ́nà Gbọ̀ngán, ẹ na ọwọ́ síta fèrèsé ní títẹ́. Bẹ́ ẹ bá gbé iwájú àtẹ́lẹwọ́ sókè díẹ̀, atẹ́gùn á gbé ọwọ́ yín sókè. Bẹ́ ẹ bá gbé e jù, ọwọ́ á kàn máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, agbára tó ń gbé e á pòórá. Ohun tó ń ṣe ìyẹ́ bàálù náà nìyẹn. Bí bàálù bá sì dà sí ẹ̀gbẹ́ gan-an, ó ń yá dé: 172 tó ń sítọ́ọ̀lù ní nọ́ọ̀tì 48 bó bá ń lọ tààrà, ó di 68 bó o bá dà á ní ìwọ̀n dígírì 60 tó o sì di gíga rẹ̀ mú.

Bí ìyẹ́ kan bá wá ṣáájú èkejì sọ agbára nù, bàálù á máa yí bí òkòtó, imú sílẹ̀, ìdí lókè. Nínú bàálù kékeré, ìyí kan ń jẹ bíi ẹsẹ̀ bàtà 500, kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá yìí ṣe é, mo ké "Yéè, ìyá mi ò!" Ó rò pé mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe.

Bí a ṣe ń jáde nínú rẹ̀ kò le láti sọ. Fa agbára ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ pátápátá. Dá ọ̀pá ìdarí sí àárín, má fi í bá ìyẹ́ jà. Tẹ pẹ́dà ẹsẹ̀ tó lòdì sí ibi tí bàálù ń yí sí, tẹ̀ ẹ́ dé ìdí. Ti ọ̀pá síwájú. Bí ìyí bá ti dúró, tú ẹsẹ̀ rẹ sílẹ̀, kó o sì rọra fà á jáde. Bàálù kọ̀ọ̀kan ní àṣà tirẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, tirẹ̀ ni kó o tẹ̀ lé. Ohun tó le ni títì yẹn. Ilẹ̀ ń yí níwájú rẹ bí ọlọ, gbogbo ara rẹ ń bẹ̀ ọ́ pé kó o fà, o wá fọwọ́ ara rẹ ti imú sọ́nà ilẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni ọwọ́ mi tó gbà. Lọ́jọ́ yẹn ni ìyá yìí wá ní, ó dáa, ká tàkìtì.

Òkìtì fúnra rẹ̀ dùn: imú á gòkè, á gba ẹ̀yìn padà sísàlẹ̀ yípo. A sọ imú kalẹ̀ títí eré fi tó máìlì 140 ní wákàtí kan, mo wá fà á ní jíì 3.5. Kílò 70 ni mí nígbà yẹn. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, mo wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún. Kó o tó fà, fún iṣan itan àti ikùn pọ̀ bí ẹni fẹ́ gbé odó, nítorí ẹ̀jẹ̀ ń sá kúrò lórí. Àwọ̀ nǹkan á kọ́kọ́ ṣí, ojú á wá máa ríran bí ẹni ń yọjú nínú páìpù. Má wo iwájú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju sánmà lọ. Wo ṣóńṣó ìyẹ́ òsì bó ṣe ń gun ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀run. Bó o bá dé òkè, gbé orí sẹ́yìn kó o wá ilẹ̀ padà, kó o sì dẹ ọwọ́. Ẹni tí kò bá dẹ ọwọ́ lókè, òkìtì rẹ̀ kì í rí roboto, bí ẹyin tí wọ́n jókòó lé ló ń rí. Bó o bá ṣe é pé, tí atẹ́gùn sì parọ́rọ́, bàálù á gbọ̀n jìgì ní ìsàlẹ̀: o gba inú ìjì tí ìwọ fúnra rẹ dá sílẹ̀ kọjá. Ìyá yìí pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn mi lọ́jọ́ tí tèmi gbọ̀n.

Wàyí o, èébì. Omi inú etí ń sọ ohun kan, ojú ń sọ òmíràn, ikùn ló ń san gbèsè. Má fò pẹ̀lú ikùn òfìfo, má sì jẹ ẹ̀bà lọ. Kí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ má ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí òógùn bá ti ń bọ́ níwájú orí rẹ, sọ fún olùkọ́, ẹ máa lọ tààrà, tẹjú mọ́ ọ̀ọ́kán, ẹ padà wálé. Ara máa ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Èmi ò sọ, mo ń ṣe ọkùnrin. Fìlà tuntun ni mo fi gbà á.

Kó o tó wọlé, yọ gbogbo ohun tó wà lápò rẹ. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dorí kodò, kọ́kọ́rọ́ yàrá mi jáde lápò, ó bọ́ sí gíláàsì òkè, ó ń sáré kiri níbẹ̀. Ìyá yìí ò bá mi jà, ó kàn dá bàálù padà, a balẹ̀, owó wákàtí yẹn sì lọ bẹ́ẹ̀. Ó wá bi mí bóyá mo mọ Bessie Coleman. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni. Àwọn iléèwé ibẹ̀ kọ̀ láti kọ́ ọ, ó lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́dún 1921. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1926, ní Jacksonville, William Wills, mẹ́káníìkì rẹ̀, ló ń wa bàálù. Coleman kò de bẹ́líìtì nítorí ó fẹ́ yọjú wo ilẹ̀. Bàálù dorí kọlẹ̀ lójijì, ó ju Coleman síta, Wills náà sì bá a wólẹ̀. Sípánà kan ni wọ́n rí tó há sáàárín ohun ìdarí. Sípánà lásán.

Ní ti òkè: òfin Amẹ́ríkà ní kéèyàn má ṣe òkìtì nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 1,500 sílẹ̀. Èmi ò jẹ́ bá akẹ́kọ̀ọ́ kankan bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ 4,000. Rántí pé aago tó ń wọn gíga bàálù máa ń kà láti orí omi òkun. Òṣogbo fúnra rẹ̀ ti ga ju òkun lọ ní bíi ẹsẹ̀ bàtà 1,000, torí náà bí aago bá ń kà 3,000, bíi 2,000 ló wà láàárín ìwọ àti páànù Ọjà-Ọba. Yọ ìyí òkòtó méjì kúrò níbẹ̀, kó o wo iye tó kù. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́, bí ilẹ̀ àti ọ̀run bá ti di àwọ̀ kan náà, má tiẹ̀ dábàá rẹ̀. O ò ní í rí ohun tó o máa fi ìyẹ́ wọ̀n.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ, fi lẹ́tà yìí hàn án. Bó bá fi ṣẹ̀rín, tọ ọ̀gá àwọn olùkọ́ yín lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó o sì sọ ọ́. Wọ́n lè máa pè ọ́ ní olófòófó títí ẹ ó fi jáde níléèwé. Jẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́.

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìgbọ̀nà. Ọmọ mi obìnrin ti wọṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú, ó sì sọ fún mi lórí fóònù pé wọ́n máa yí àwọn dà lókè ní Kàdúná. Mi ò sùn látìgbà yẹn. Èmi rò pé ó máa wa bàálù tààrà ni. Kí ni yíyí yẹn wúlò fún? (Ìyá Awakọ̀)

Ìyáàfin, ẹ kú ọjà o. Ẹ sùn dáadáa. Super Mushshak tó wá láti Pakistan ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní Kàdúná, òkìtì sì wà lára ohun tí wọ́n ṣe bàálù yẹn fún. Olùkọ́ ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ ṣe ń bèèrè yìí làwọn ọ̀gá bèèrè nígbà àkọ́kọ́. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1913, ní Kyiv, ọmọ ogun Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Pyotr Nesterov fi bàálù ta òkìtì tí ẹnikẹ́ni kò ta rí. Ó fẹ́ fi hàn pé kò sí bí bàálù ṣe lè wà lókè tí awakọ̀ ò fi ní lè kó o padà bọ̀ sípò. Wọ́n tì í mọ́lé ní ọjọ́ mẹ́wàá nítorí ó fi dúkìá ìjọba wewu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́.

Ìwúlò rẹ̀ rèé. Lóṣù kẹfà ọdún 2009, bàálù Air France kan tó ń bọ̀ láti Brazil bọ́ sínú òkun, èèyàn 228 ló bá a lọ. Yìnyín dí ohun tó ń wọn eré fún ìgbà díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ sì fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra, bàálù sítọ́ọ̀lù ní bíi ẹsẹ̀ bàtà 38,000, ó sì ń já bọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta àtààbọ̀. Bí wọ́n bá ti imú rẹ̀ sílẹ̀ ní kùtùkùtù ni, ìyẹ́ ì bá tún di atẹ́gùn mú. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wa èrò ni irú ẹ̀kọ́ yìí ti wá di dandan báyìí: ní Yúróòpù, láti ìparí ọdún 2019, ẹni tó bá fẹ́ wa bàálù èrò gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán wákàtí mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó bàálù tó ti yí sódì padà, nínú bàálù gidi. Ọmọ yín máa mọ̀ ọ́n láìpẹ́. Ẹ bá mi kí i, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé kó má jẹ ẹ̀wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Sà, mo wà ní SS2. Fídíò kan fi hàn pé bàálù dorí kodò, omi inú ife ò dà. Ṣé òògùn ni? (Ọmọ ilé ẹ̀kọ́, Alékùwodò)

Kì í ṣe òògùn. Bu omi sí koroba dé ìdajì, di ọwọ́ rẹ̀ mú, jù ú yíká láti ìsàlẹ̀ gba orí rẹ kọjá padà sísàlẹ̀, kíákíá. Omi fẹ́ máa lọ tààrà, ìdí koroba ló ń yà á lọ́nà, ìyẹn ló fi lẹ̀ mọ́ ọn. Awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n ń fi bàálù rẹ̀ ṣe koroba yẹn fún ife. Bó o bá rọra jù ú, o máa wẹ̀. Ìta ni kó o ti ṣe é, má ṣe é ní pálọ̀ ìyá rẹ, kó o sì yẹ ọwọ́ koroba náà wò kó o tó bẹ̀rẹ̀.